Àárọ̀ Ìṣẹ́gun, Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀

Ọwọ́ ni Senaka fi lé Sewwandi jáde lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kún fún tíì.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Sewwandi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tíì àwọn Edirimanne ní Kolombo, wọ́n sì fi í ṣe Olórí Ètò Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Tuntun. Ó wọ sáàrì aláwọ̀ ewé, ó fín lọ́fínńdà sọ́rùn, ìyá rẹ̀ sì fi òdòdó jásímìnì mẹ́ta há irun rẹ̀ kí ọjọ́ náà lè san án. Ó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìtọ́wò, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ tíì wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ife funfun méjìdínláàádọ́ta wà lórí tábìlì gígùn lábẹ́ fèrèsé, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ funfun dúró níwájú ife kẹtàlélógún. Ó gbójú sókè. Imú rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

Sewwandi rò pé ó ń kí òun ni. Ó juwọ́ sí i padà.

Ọkùnrin náà tu tíì ẹnu rẹ̀ sínú garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

"Ẹ má bínú, bóyá wọn ò tíì sọ fún yín. Èmi ni olórí tuntun tí wọ́n—"

"Wọ́n ti sọ fún wa. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jáde."

Bàbá arúgbó kan ní òpin tábìlì bú sẹ́rìn-ín. "Senaka, rọra. Ọmọ ọlọ́mọ ni."

"Bàbá Piyadasa, òórùn òdòdó ti wọ gbogbo ife. Tíì tó wá láti orí òkè Uva ti di omi ìwẹ̀ ìyàwó."

Wọ́n da ife méjìdínláàádọ́ta nù lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì tún òmíràn pò látìbẹ̀rẹ̀. Sewwandi jókòó sórí àga kan lóde, ó ń yọ òdòdó orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú báàgì, ojú ń tì í bí ọmọ tó ya aṣọ àlejò. Ó ti pinnu pé òun ò ní fẹ́ràn ọkùnrin gíga yẹn láéláé.

Lẹ́yìn wákàtí kan, ọkùnrin gíga náà jáde wá, ó gbé ife kan lọ́wọ́.

"Èyí kì í ṣe ti títu," ó ní. "Ti mímu ni."

Sewwandi mu ún. Ó mọ́ lẹ́nu, ó ta díẹ̀ létí ahọ́n, lẹ́yìn náà ó wá dùn, bí ìgbà tí èèyàn ṣí fèrèsé láàárọ̀ lórí òkè tí ìrì ṣì wà lára koríko. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń mu tíì. Ó wá dà bíi pé kò mu ún rí.

"Ẹ padà wá lọ́la," Senaka sọ. "Ọṣẹ tí kò ní òórùn. Irun tí kò ní òróró."

"Ṣé kí n máa mí, àbí kí n fi ìyẹn náà sílẹ̀ nílé?"

"Ẹ lè mí díẹ̀díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ẹ̀rín náà wọ inú àyà Sewwandi, ó jókòó síbẹ̀, kò sì béèrè bóyá àyè wà.

*

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Sewwandi kì í ṣe kékeré. Òun ni yóò sọ fún ilé-iṣẹ́ náà ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun lè gbé e dé láàárín ọdún márùn-ún, èyí tó yẹ kí wọ́n rà, èyí tó yẹ kí wọ́n sá fún, àti èyí tó yẹ kí wọ́n ṣì máa wò lókèèrè. Ohun àkọ́kọ́ tó yàn ni ẹ̀rọ kan tó ń tọ́ tíì wò. Kò tóbi ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méje ló ní, wọn á tì wọ́n bọ inú ife, á sì kọ máàkì tirẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà.

Àmọ́ ẹ̀rọ náà kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ẹni náà yóò máa tọ́ ife wò láràárọ̀, yóò máa fún un ní máàkì, ẹ̀rọ á sì máa fi tirẹ̀ wé e títí yóò fi mọ ohun tó dára yàtọ̀ sí ohun tí kò dára. Senaka ni Sewwandi yàn ṣe olùkọ́, nítorí pé nínú àwọn mẹ́fà tó ń tọ́ tíì wò níbẹ̀, òun ni àṣìṣe rẹ̀ kéré jù.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ ẹ̀rọ náà ní Àna. Wọ́n ní ó kó wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, gbogbo èèyàn sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un.

Bàbá Piyadasa yí i po lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé ó máa ń tu itọ́?"

"Rárá, Bàbá," Sewwandi dáhùn.

"Ṣé ó ní ìyàwó?"

"Kò ní."

"Ta ló máa wá bá a jà tó bá pẹ́ délé? Ayé Àna yìí ò lè dùn."

Sewwandi ṣàlàyé ètò rẹ̀ fún wọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àpẹẹrẹ tíì ló ń wọlé lóṣooṣù láti oko, ojú àti ẹnu ènìyàn mẹ́fà kò lè ká a. Ẹ̀rọ yóò ṣa èyí tó hàn gbangba pé kò dára sọ́tọ̀, kí àwọn lè ráyè fún èyí tó nílò ọgbọ́n.

"Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," Senaka sọ. "Lónìí, kí a ráyè. Lọ́la, kí a lọ sinmi nílé."

"Bí mo bá fẹ́ kí ẹ lọ sinmi nílé, ojú yín ni màá ti sọ ọ́. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́yìn yín."

Senaka fa àga kan sún mọ́ ọn. "Mo gbà yín gbọ́," ó ní.

Òun ló kọ́ Sewwandi bí wọ́n ṣe ń tọ́ tíì wò. Ó ní kó fa tíì láti ojú ṣíbí pẹ̀lú ariwo, bí ẹni tí wọn ò kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ìyá Sewwandi ti gbá a létí rí nígbà èwe nítorí irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ó fà á díẹ̀díẹ̀. Senaka ní kò tó. Ó fà á gidi, tíì gba imú rẹ̀ jáde, Bàbá Piyadasa sì ní òun ò rí ọ̀gá tó jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ tó báyìí rí.

*

Nígbà tí òjò oṣù Kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀, "ẹ" ti kúrò láàárín àwọn méjèèjì, "ìwọ" ti rọ́pò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Sewwandi kíyè sí i pé Senaka kì í jẹun láàárọ̀. Veyangoda ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kùtùkùtù ló ń wọ̀, ikùn òfìfo ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dun Sewwandi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni òun náà máa ń tètè dé láti yẹ ẹ̀rọ wò. Nítorí náà, ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun kan, ó fi ìyẹ̀fun àti àgbọn yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní rótì. Ó gún àlùbọ́sà pupa tútù pọ̀ mọ́ ata gbígbẹ, iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi ṣe lúnúmírísì bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, èyí tó ń mú omi bọ́ lójú ẹni tó ń gún un àti ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ó dì í sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn tó lọ sí òrùlé, níbi tí fèrèsé kékeré kan ti ń fi òkun hàn. Senaka tú ewé náà. Ó wo àlùbọ́sà náà pẹ́.

"Ṣé o ò fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀."

"Ṣé kí n máa gbé e padà?"

"Ta ló ní kí o gbé e padà? Ṣé ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni. Jẹ ẹ́ níṣojú mi. Mi ò fẹ́ kí o gbé e pamọ́ kó tutù."

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó mu odindi ìgò omi kan lé e, ó jẹ búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀, ó sì lọ fọ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ omi. Sewwandi sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, ẹ wo ọkùnrin tó mọ́ tónítóní.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ìṣẹ́gun àti gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni Sewwandi ti mọ̀ pé bàbá Senaka kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, pé ìyá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ aṣọ rírán tọ́ ọ, pé ó máa ń bẹ̀rù ewúrẹ́. Ibẹ̀ náà ni Senaka ti sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń múra sílẹ̀ fún tipẹ́.

"Sewwandi, igba ife ni mo ń tọ́ wò lójúmọ́, mo sì máa ń gbàgbé gbogbo wọn kí n tó délé. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ lórí àtẹ̀gùn yìí, mi ò gbàgbé ẹyọ kan rí."

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

"Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ó yẹ kí o ti ibẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀," Sewwandi sọ, àmọ́ ó ní láti yíjú sí fèrèsé, nítorí pé omi ti dé ojú rẹ̀, kì í sì í ṣe ti àlùbọ́sà.

*

Bàbá Sewwandi ti jẹ́ ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin fún ọdún pípẹ́ kó tó fẹ̀yìntì. Títí di òní, bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ọkọ̀ kan fẹ́ gbéra.

"Kí ni iṣẹ́ ọmọkùnrin náà?"

"Ó ń tọ́ tíì wò, Bàbá."

"Ṣé mímu tíì wá di iṣẹ́ ni?"

"Kì í mu ún, Bàbá. Ó máa ń tu ú dànù."

Bàbá ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin. "Mo rán ọmọ mi lọ sí yunifásítì, ó di ọ̀gá, ó wá lọ mú ẹni tó ń tu tíì dànù. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi wà ní Melbourne. Afárá ló ń kọ́."

"Kí lèmi fẹ́ fi afárá ṣe, Bàbá?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín nílé ìdáná, ó tètè pa á mọ́ra.

Bàbá kò bínú. Ohùn rẹ̀ tiẹ̀ rọlẹ̀. "Gbọ́ mi, ọmọ mi. Mi ò kórìíra ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì dé ibùdó wa, èèyàn mẹ́jọ ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún wọn, mo sì sọ ọ́. Kí ọdún tó yí po, ó ku ẹyọ kan. Àwọn méje yòókù ò kí mi mọ́ títí dòní. Ìwọ fúnra rẹ lò ń kọ́ ẹ̀rọ tó máa gba iṣẹ́ ọkọ tí o fẹ́ fẹ́. Ṣé o ti rò ó dé ibẹ̀?"

"Mo ti ṣèlérí fún wọn, Bàbá."

"Èmi náà ṣèlérí."

Sewwandi gba ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ padà.

"Jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ yín jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ná," Bàbá parí ọ̀rọ̀. "Bí iṣẹ́ ẹ̀ bá ṣì wà lẹ́yìn ìpàdé, kó wá. Màá fún un ní àga."

*

Ọ̀sẹ̀ ìpàdé náà dé. Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Jagath Edirimanne pe Sewwandi sí ọ́fíìsì rẹ̀. Òun ló ń darí ilé-iṣẹ́ náà, àmọ́ ìyá rẹ̀ ṣì ni alága ìgbìmọ̀.

"Jókòó," ó ní. "Olùkọ́ ẹ̀rọ rẹ ti ń ṣìnà."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. Láti oṣù mẹ́ta, nígbà tí ẹ̀rọ àti àwọn márùn-ún yòókù bá fún tíì kan ní máàkì, Senaka ń fún un ní òmíràn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

"Òun ló dára jù nínú wọn, àbí? Bí ẹni tó dára jù bá ń ṣe báyìí, kí la fẹ́ fi àwọn yòókù ṣe? Gbé e síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ máa gba yàrá náà. Kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà parí iṣẹ́ wọn ní ìparí ọdún."

"Sà, kì í ṣe ohun tó wà nínú ètò mi nìyẹn."

"Kí o tó rí máàkì yìí lo ti kọ ètò rẹ. Tún un kọ."

Sewwandi padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Báwo lòun ò ṣe rí i? Ẹ̀rọ ló ń yẹ̀ wò láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Senaka ló fi ṣe òṣùwọ̀n, kò sì sí i lọ́kàn láti wọn òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ńlá bà á. Ó rò pé ahọ́n Senaka ti ń kú, pé Senaka mọ̀, ó sì ń fi pamọ́. Ó sunkún, nítorí ó mọ bí ọkùnrin náà ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn tó.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ṣe ohun tí wọ́n gbà á fún. Ó tún gbogbo máàkì náà tò, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ajé, kò sí àṣìṣe. Ìṣẹ́gun, àṣìṣe. Ọjọ́rú, kò sí. Ọjọ́bọ̀, àṣìṣe. Ẹtì, kò sí. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko.

Ó gun òkè lọ bá Bàbá Piyadasa, tó ń nu ife.

"Bàbá, àìsàn wo ló ń mú ahọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan?"

"Àìsàn tó mọ kàlẹ́ńdà? Kí lẹni náà ń jẹ?"

"Rótì." Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. "Rótì àti lúnúmírísì."

Bàbá Piyadasa gbé ife sílẹ̀. "Kó tó tọ́ tíì wò?"

"Ṣé kò dáa ni?"

"Ọmọ mi, ọdún méjìlélógójì ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àlùbọ́sà tútù ò kan ẹnu mi rí kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí o bá jẹ ẹ́ láàárọ̀, gbogbo tíì ló máa jọra lẹ́nu rẹ títí di ọ̀sán. Bí o fọ ẹnu lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá mọ̀ ọ́n."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ta ló ń sọ fún èèyàn pé kó bọ́ bàtà kó tó wọ tẹ́ḿpìlì?" Ó wò ó dáadáa, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. "Háà. Ìwọ lò ń gbé e wá fún un."

Sewwandi jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù.

"Senaka," Bàbá Piyadasa ń sọ fún àwọn ife. "Senaka tó lé obìnrin jáde nítorí òdòdó mẹ́ta. Ìfẹ́ ti pa ọmọ yìí pátápátá."

*

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn òrùlé. Kò sí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín wọn lónìí.

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni," Senaka sọ. "O ti jí láàárọ̀ kùtù, o ti gún un. Ojú rẹ ṣì pọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò jẹ? Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, o ò ní wá síbí mọ́."

"Mo lè gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Mo lè gbé ìrẹsì funfun wá."

"Mo mọ̀ báyìí."

"Ṣé o mọ̀ pé ò ń ṣì máàkì fún wọn?"

"Mo rò pé omi àti búrẹ́dì ti fọ̀ ọ́. Mo gbójú lé ara mi jù." Ó bo ojú rẹ̀. "Ọ̀gá Jagath ti rí i, àbí?"

Sewwandi sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Sọ fún wọn pé ara mi ò yá," Senaka ní. "Màá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Èmi nìkan ni kó lọ."

"Kò ní dúró sórí rẹ nìkan. Àìsàn rẹ gan-an ni wọ́n máa fi lé àwọn yòókù. Wọ́n máa ní ahọ́n èèyàn ń ṣàìsàn, ẹ̀rọ kì í ṣàìsàn."

"Bí o bá sọ òótọ́ ńkọ́? Ìwọ ni ọ̀gá ètò náà. Wọ́n máa ní o fọwọ́ ara rẹ ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, nítorí ọkùnrin. Wọ́n máa máa fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ ní gbogbo àjà ilé yìí. Bàbá rẹ máa gbọ́. Jọ̀ọ́, ọkàn mi. Má ṣe é."

Sewwandi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ń rùn tíì, bó ṣe máa ń rí nígbà gbogbo, ó sì mọ̀ pé òun lè dá òórùn yẹn mọ̀ níbikíbi láyé.

"Jẹ́ kí n lọ ronú," ó ní. Àmọ́ ó ti ronú tán.

*

Kò sí ìpàdé tó ń bẹ̀rẹ̀ nílé àwọn Edirimanne kí wọ́n tó gbé tíì tó dára jù lọ́sẹ̀ náà wá láti yàrá ìtọ́wò. Bàbá Piyadasa fúnra rẹ̀ ló gbé e wọlé ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ń pín ife lọ́wọ́ nígbà tí Sewwandi dìde.

Alága, Ìyáàfin Edirimanne, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Sáàrì funfun ló wọ̀, ọ̀pá rẹ̀ sì wà lórí itan rẹ̀.

Sewwandi fi máàkì náà hàn wọ́n, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ọ̀gá Jagath ń mi orí. Lẹ́yìn náà, Sewwandi fi bó ṣe tò wọ́n lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n, Ọ̀gá Jagath sì dáwọ́ orí mímì dúró.

"Ahọ́n Senaka kò ṣàìsàn," Sewwandi ní. "Ní gbogbo Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan ń gbé àlùbọ́sà tútù fún un jẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni náà kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Èmi ni."

Ṣíbí kan bọ́ sílẹ̀ níbì kan.

"Kí ló kàn ọ́ pẹ̀lú oúnjẹ ẹ̀?" Ọ̀gá Jagath béèrè.

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, sà."

Bàbá Piyadasa ṣì ń da tíì sínú ife kan tó ti kún tipẹ́. Ó kún bo àwo. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

"Ohun tí ẹ̀rọ kọ́ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kò dára," Sewwandi ń bá a lọ. "Mo ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. A máa pẹ́ sí i ní oṣù mẹ́ta. Ẹ̀bi mi ni, mo sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyáàfin Edirimanne gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lórí itan. "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé ọmọkùnrin náà jẹ àlùbọ́sà?"

"Rárá, Màmá. Ó mọ̀ pé nǹkan yàtọ̀. Kò mọ ohun tó fà á."

"Ta ló wá mọ̀ ọ́n?"

"Bàbá Piyadasa ni. Kò gbà á tó àkókò tí èèyàn fi ń nu ife kan."

Ìyáàfin náà yíjú sí Bàbá Piyadasa, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Jagath, bí a bá ti lé bàbá yìí, ta là bá bi?"

Ọ̀gá Jagath wo inú ife rẹ̀. Ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, nípa àwọn tó ti ń sáré ṣíwájú, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ sì gbè é lẹ́yìn. Àríyànjiyàn náà gba wákàtí kan ààbọ̀. Ní ìparí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí ètò Sewwandi bó ṣe kọ ọ́ ní àkọ́kọ́: ẹ̀rọ yóò máa ṣa, àwọn mẹ́fà yóò máa dájọ́. Wọ́n sì kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un. Wọ́n gba ìṣírò máàkì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn.

"Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ àti ẹni tó ń wọn ẹ̀kọ́ náà," Ìyáàfin Edirimanne sọ, "kò gbọ́dọ̀ jọ jẹun nínú ewé kan náà."

Senaka ń dúró de Sewwandi lórí àtẹ̀gùn. Bàbá Piyadasa ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó sì ti ròyìn gbogbo ẹ̀ tán, títí kan ṣíbí tó bọ́.

"O sọ ọ́ lójú gbogbo wọn," Senaka sọ.

"Mo sọ fún ọ nígbà àkọ́kọ́ pé ojú èèyàn ni mo ti ń sọ̀rọ̀."

Senaka fi iwájú orí rẹ̀ lé ejìká Sewwandi, omijé rẹ̀ sì rin aṣọ náà.

*

Ọjọ́ Àìkú ni Senaka lọ kí bàbá Sewwandi. Bàbá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fún un ní àga bó ṣe ṣèlérí, ó wá lọ sílé ìdáná fúnra rẹ̀, ó gbé ife tíì kan jáde.

"Wọ́n ní o mọ̀ ọ́n. Tọ́ ọ wò."

Senaka fà á pẹ̀lú ariwo. Ìyá Sewwandi fò díẹ̀. Wọ́n ń dúró kó tu ú. Ó gbé e mì.

"Mo rò pé títu lo máa ń tu ú," Bàbá sọ.

"Níbi iṣẹ́ ni, sà. Tí bàbá bá po tíì fún ọmọ, mímu ló ń mu ún."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Báwo ló ṣe rí? Òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́."

Sewwandi wo ilẹ̀. Senaka gbé ife náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Omi ẹ̀ hó jù, sà. Tíì náà ti pẹ́ nínú agolo, bóyá láti ọdún tó kọjá. Wọ́n sì gbé agolo ẹ̀ ti àlùbọ́sà."

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ fún ọ pé kí o gbé agolo yẹn kúrò níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀," ìyá Sewwandi dáhùn.

Bàbá yí padà sọ́dọ̀ Senaka. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó dé lásìkò tí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. "Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà níbẹ̀?"

"A wà níbẹ̀, sà. Ọmọ yín ló dá wa sí."

Bàbá mi orí. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní èéfín ni. "Mu tíì rẹ tán," ó ní. "Ká lọ wá ọjọ́."

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì ni awòràwọ̀ mú fún wọn, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Sewwandi àti Senaka dúró lórí pẹpẹ tí wọ́n fi òdòdó funfun ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n fi òwú so ìka wọn pọ̀, wọ́n da omi sí i. Jásímìnì pọ̀ lórí ìyàwó tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yí ọrùn. Senaka fa òórùn náà símú gidi, ó sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó tó àkókò kí wọ́n fi ìrẹsì oníwàrà bọ́ ara wọn, Sewwandi mú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan jáde láti inú sáàrì rẹ̀. Ó fi lúnúmírísì pupa díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ lé orí ìrẹsì náà, ó sì gbé e sí ẹnu ọkọ rẹ̀.

Bàbá Piyadasa rí i láti ìlà iwájú. "Ọjọ́bọ̀ lòní o," ó kígbe. "Àárọ̀ sì ni."

Senaka jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì," ó ní, ó sì tún la ẹnu.